Ẹ Ti Sọ́mà Lẹ́sìn Pa, Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Gun Òkè

Ọdọọdún ni à ń ja àwọn ọmọ wa lólè, a sì ń pè é ní ìtọ́jú. Ilé ẹ̀kọ́ kò tíì tì tán tí ìwé á ti dé ilé: sọ́mà lẹ́sìn bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, iye báyìí lowó rẹ̀, ẹ tètè wá san. Ọmọ tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti Oṣù Kẹsàn-án á tún padà sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ó ń da iṣẹ́ kíláàsì tó ń bọ̀ kọ láti ojú pátákó, iṣẹ́ tí olùkọ́ mìíràn ṣì máa kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá wọlé. Èmi ò ní kí wọ́n dín in kù, n ò sì ní kí wọ́n fi eré bọ́ọ̀lù díẹ̀ là á láàárín. Mo ní kí wọ́n ti í pa, kí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn di ti òkè àti ti iṣẹ́ ọnà, pàápàá jù lọ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Èkìtì, níbi tí Ọlọ́run ti to àpáta sí ẹ̀yìnkùlé wa.

Ẹ wo Ìdánrè. Láti Àkúrẹ́, ọkọ̀ kì í rìn tó wákàtí kan kó tó débẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló gun ẹ̀gbẹ́ àpáta lọ sókè, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà fún ẹni tó bá ń mí hẹlẹ. Ìlú lèèyàn máa bá lókè, ìlú gidi, ibi tí àwọn ará Ìdánrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdánrè, wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ọdún 1896 àti ilé ẹjọ́ ọdún 1906 náà wà níbẹ̀, lórí òkè níbi tí kò sí mọ́tò tó lè dé, tó jẹ́ pé orí àti èjìká ni wọ́n fi ru ẹrù gbogbo. Ojú ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn wà lára àpáta, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ní kò sẹ́ni tí kì í bá lẹ́sẹ̀ mu àfi àjẹ́. Ọmọ wo ni kò ní fẹ́ ti ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ̀ ọ́ wò? Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ òkè yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO pé kí wọ́n kà á kún ogún gbogbo ayé. Gbogbo ayé! Ẹ wá bi àwọn ọmọ Àkúrẹ́ léèrè, àní ẹ bi ti Aládé àti Odòde ní Ìdánrè tó ń fojú rí i láràárọ̀, pé ta ló ti gùn ún nínú wọn.

Àwọn kan á ní kí lọmọ fẹ́ kọ́ lórí àpáta. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà ní òkè Ìdánrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí níbòmíràn láyé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ kò fi fojú kàn án mọ́, ẹ̀rù sì ti ń bà wọ́n pé ó ti kú run, àfi ìgbà tó di 2013 tí àwọn olùwádìí tún rí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í gbé inú odò bíi ti ọ̀pọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn. Ara àpáta ni wọ́n ń gbé, níbi tí omi ti ń ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òógùn, tí kò jìn tó kéèyàn ri ìka bọ̀. Ọmọ tó bá dọ̀bálẹ̀ sórí àpáta, tó fi ojú ara rẹ̀ wo bí nǹkan tí kò tíì yọ ẹsẹ̀ ṣe ń fi ara fa lórí òkúta tútù, ti kọ́ ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì tí pátákó kankan kò lè kọ́ ọ. Ká wá kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú yàrá gbígbóná pé kó máa ya àwòrán ọ̀pọ̀lọ́ láti inú ìwé, ìyẹn burú.

N ò kàn fẹ́ kí ọmọ gun òkè, kó ya fọ́tò, kó máa lọ sílé o. Ilẹ̀ olókè yìí ni ilẹ̀ àwọn agbẹ́gilére. Ẹ̀fọ̀n Aláayè, láàárín òkè, ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére sí, Ìsẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1938. Ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún Ògògà, ọba Ìkéré, nínú ààfin rẹ̀, nítòsí òkè Olósùnta. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ kan ní Wembley, ojú àwọn òyìnbó kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣe àga ọba kan ní Ìlú Ọba, wọ́n fi í pààrọ̀. Títí dòní, British Museum ni ilẹ̀kùn yẹn wà, òpó tó bá a ṣe ẹgbẹ́ sì wà ní Chicago. Ó dùn mí pé ọmọ Ìkéré tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba físà. Ó tún dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ pé ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ yẹn ní ìlànà, ọmọdé sì lè mọ̀ ọ́n. Ọnà lílé ló ṣáájú: àáké ni wọ́n fi ń gé igi títí orí, àyà àti ẹsẹ̀ ère á fi jáde ní gìdìgbà. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, kí etí, imú àti ọwọ́ lè yọ. Dídán ni wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn náà títí ara igi á fi jọ̀lọ̀, ìgbà náà ni fínfín, tí ọ̀bẹ máa ń fín irun àti ilà ojú. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ni ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 títí di 1954, níbi iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll dá sílẹ̀. Bandele, ọmọ Arẹ́ògún agbẹ́gilére, ni ọ̀gá níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́ kó tó di ẹni tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè sọ ọmọ di nǹkan kan, kó rántí Òṣogbo. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ni Georgina Beier ṣe níbẹ̀ ní 1964. Ara àwọn tó kópa níbẹ̀ ni Twins Seven-Seven àti Muraina Oyelami, tí wọ́n di gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin òbí máa sọ. Iṣẹ́ ń bẹ, kò sẹ́ni tó máa jókòó ti ọmọ nílé. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ètò wà, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ òkè. Ẹ ní ìdánwò WAEC ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ń kó lọ sí sọ́mà, kí ló kàn án nínú WAEC? Ẹ ní òjò ń rọ̀. Àpáta tútù léwu lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó ọmọ gùn ún lójú òjò. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ni ọjọ́ àáké àti ọ̀bẹ lábẹ́ ilé, ọjọ́ tí ó bá dá bó ṣe máa ń dá nínú Oṣù Kẹjọ ni ọjọ́ òkè.

Ti ajínigbé nìkan ni mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rù yẹn tó bà. Nítorí náà, kí ètò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí kò ní rìnrìn àjò: ọmọ Ìdánrè lórí òkè Ìdánrè, ọmọ Ìkéré ní Olósùnta, ọmọ Ẹ̀fọ̀n lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tó jẹ́ ọmọ ìlú níwájú àti lẹ́yìn. Tí ìjọba bá lè fi ọlọ́pàá yí àwọn èèyàn pàtàkì ká lọ́jọ́ àjọ̀dún gígun òkè Ìdánrè, kò sí ìdí tí kò fi ní lè ṣọ́ ogójì ọmọ.

Àjọ̀dún yẹn gan-an ń bí mi nínú. Olórin á dé, olóṣèlú á dé, wọ́n á gun àtẹ̀gùn díẹ̀ níwájú kámẹ́rà, ó parí. Ọjọ́ mélòó kan ni òkè fi ń jẹ́ ti àlejò, ìgbà wo ló máa jẹ́ ti ọmọ onílé? Kí Oǹdó àti Èkìtì kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ ọdún tó ń bọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ gba owó lẹ́sìn lásìkò ìsinmi gígùn. Kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà òkè lọ́wọ́ ọmọ tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù. Kí wọ́n sì san owó oṣù fún agbẹ́gilére, amọ̀kòkò àti àgbàlagbà tó mọ ìtàn òkè, bí wọ́n ṣe ń san án fún olùkọ́, lóṣù Keje, Kẹjọ àti Kẹsàn-án.