Ṣé Aláìgbọràn Ni, Àbí Kò Gbọ́?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí a tó bí ọmọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wíńníwínní tí a fi ń gbọ́ràn ti ń dá sínú etí rẹ̀, bíi 15,000 ní etí kọ̀ọ̀kan. Púrótéènì kan tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, Atoh1, ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n dá. Lẹ́yìn náà, àṣẹ yẹn á dákẹ́. Ti adìyẹ tó bá kú máa ń hù padà. Tiwa kì í hù mọ́.

Ariwo ńlá tó bá pẹ́ létí máa ń pa wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dín ohùn earphone yín kù, kí ẹ sì máa yọ ọ́ kí etí sinmi. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń bi yín pé, “Kí lẹ wí?” lemọ́lemọ́, ẹ má sáré pè é ní aláìgbọràn. Ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò etí.