Àgbọ̀nrín Èṣí Kọ́ La Ó Fi Ṣe Àsè

Ní ìpàdé tó kọjá, a fẹnu kò pé kí àwọn mẹ́ta nínú wa bá ọdẹ kan lọ sí igbó Òkè-Ògùn fún òru méjì, kí wọ́n pa àgbọ̀nrín méjì wá fún àsè. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá, ọkàn mi kò balẹ̀.

Okrika, lẹ́bàá Port Harcourt, ni mo gbé dàgbà. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ọmọ etí omi mọ̀ nípa ọdẹ. Ohun tí mo mọ̀ nìyí: apẹja Okrika kì í fi ẹja ńlá ṣètò, bí omi ṣe ń kún àti bí ó ṣe ń fà ló fi ń ṣètò. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ìṣáwùrú nínú ẹrẹ̀ mọ wákàtí tí omi yóò fà àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọn yóò rí, wọn kì í sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣọdẹ ní Òkè-Ògùn, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938 ló kún orí mi. Òru mẹ́ta la fi rìn. Òkété méjì la rí. Ojú mi rẹ̀ wálẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ni bàbá ń rín. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, àgbọ̀nrín èṣí lò ń jẹ lọ́bẹ̀.”

Òótọ́ ni. Àgbọ̀nrín kì í rìn lágbo. Oyún bí oṣù mẹ́fà ló ń gbé, ọmọ kan ló sì sábà máa ń bí. Oko àti àwọn tó ń sun èédú ti jẹ igbó run. Old Oyo National Park ńkọ́? Láti 1991 ló ti di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ṣọdẹ níbẹ̀. Ọjọ́ tí àwa mú sì bọ́ sí àárín òjò, nígbà tí koríko ga ju ènìyàn lọ, òṣùpá á sì mọ́lẹ̀ rokoṣo. Ọdẹ wo ló ń fẹ́ irú òru bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó lówó jù wá lọ pàápàá mọ̀wọ̀n ara wọn. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹran kan wà tí wọ́n ń pè ní mule deer, tí etí rẹ̀ tóbi bíi ti ìbaaka. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ kí ọdẹ tó gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó gbà á sì lè padà délé lọ́wọ́ òfo.

Kì í ṣe ọbẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọdẹ tó ti gbowó, tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́ bá lọ́wọ́ òfo, ojú á máa kán an. Yóò yìnbọn sí abo tó lóyún. Yóò ré ààlà ọgbà ìjọba. Tàbí kí ewé kàn mì nínú òkùnkùn, kó má sì dúró wò ó dáadáa. Ta ló wà nídìí ewé náà? Ṣé ẹ rántí pé mẹ́ta nínú wa ni a fẹ́ rán lọ?

Ìmọ̀ràn mi kò le. Ẹ jẹ́ ká fi owó àsè ra ewúrẹ́. Kí àwọn mẹ́ta náà dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iná bá ti jó igbó, kí wọ́n mú òru tí òṣùpá kò sí, kí wọ́n sì lọ kọ́ bí a ṣe ń mọ ipasẹ̀ ẹran àti bí a ṣe ń sun ìjálá. Bí wọ́n bá rí ẹran, èrè ni. Bí wọn kò rí, wọ́n ti rí ẹ̀kọ́, wọ́n á sì padà wálé láàyè.

“Àrìnpa” ni à ń kí ọdẹ. Àdúrà ni, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ìlérí.