Òṣùwọ̀n Nìkan Kò Lè Sọ Eṣinṣin Lórúkọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ni mo gbé wá. Akẹ́kọ̀ọ́ á já ewé ẹ̀wà tí ìlà funfun wọ́kọwọ̀kọ wà lójú rẹ̀, á kó eṣinṣin tó jáde nínú rẹ̀, á wọn gígùn ara àti ìyẹ́ wọn, á sì fi orúkọ ẹ̀yà lé wọn lórí. Èrò tèmi ni pé òṣùwọ̀n dára, àmọ́ òun nìkan kò tó.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Liriomyza trifolii àti Liriomyza sativae jọra bí ìbejì. Ìyẹ́ àwọn méjèèjì sábà máa ń wà láàárín 1.3 sí 1.7 mìlímítà. Liriomyza huidobrensis tóbi díẹ̀, ìyẹ́ tirẹ̀ máa ń tó 1.7 sí 2.25, ṣùgbọ́n ibi tí tiwọn parí sí ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, oúnjẹ tí ìdin rí jẹ wà lára ohun tó ń pinnu bí eṣinṣin ṣe máa tóbi tó. Bí ìdin púpọ̀ bá há sínú ewé kan, èyí tó máa tibẹ̀ jáde á kéré. Ooru àti irú irúgbìn tí wọ́n jẹ náà ń dá sí i. Ẹni tó bá ní ẹ̀yà méjì lòun rí nítorí pé òun rí ìwọ̀n méjì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ló wọ̀n, tí ọ̀kan yó, tí ebi sì pa èkejì.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Irun kan wà lẹ́yìn ojú eṣinṣin wọ̀nyí: ti sativae hù lórí àwọ̀ dúdú, ti trifolii hù lórí àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀yìn sativae dúdú, ó ń dán. Ti trifolii rí bí eérú. Èyí tó dájú jù ni ẹ̀yà ìbímọ akọ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ní ti abo, DNA ló ń yanjú ọ̀rọ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló kan àgbẹ̀ nínú orúkọ? Ó kàn án gan-an. Ní 1976, trifolii bá ọ̀gbìn òdòdó láti Florida wọ Kenya. Eṣinṣin yìí tètè máa ń borí oògùn. Oògùn náà á wá pa àwọn agbọ́n kéékèèké tó ń jẹ ìdin rẹ̀, eṣinṣin á sì jọba. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí Òṣòdì. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣí sílẹ̀ sọ́dọ̀ tiwa náà.

Ní 2015, European Union dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró nítorí dichlorvos tó pọ̀ jù lára rẹ̀. Lóòótọ́, kòkòrò inú àpò ẹ̀wà ni wọ́n ń fi oògùn yẹn lé, kì í ṣe eṣinṣin ewé, àmọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ni: oògùn tí a kò fi ìmọ̀ lò máa ń gbówó lọ́wọ́ ẹni. Yàrá àyẹ̀wò NAFDAC tó wà ní Òṣòdì lè sọ iye oògùn tó kù lára ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kò lè yọ ọ́ kúrò. Iṣẹ́ tiwa ló yẹ kó ṣáájú, láti oko.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Ẹ jẹ́ ká máa sin ìdin títí á fi di eṣinṣin, ká yẹ akọ wò, ká tọ́jú wọn sínú ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ká kọ ibi, ọjọ́ àti irúgbìn mọ́ ọn lára. Ẹni tí kò bá rí akọ yẹ̀ wò, kó kọ Liriomyza sp.; kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ̀rọ DNA wà níbi iṣẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gba ìgò mélòó kan wọlé lọ́dọọdún.