Orúkọ Ọgbẹ́ àti Orúkọ Ọtí: Èdè-Ìperí fún Ìdúrótì Lẹ́yìn Ìfipábánilòpọ̀

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí òwe yìí máa wà lọ́kàn àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí, pàápàá nígbà tí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ bá jẹ́ ìpalára tí ènìyàn ṣe fún ènìyàn. Láti ìgbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, ti jáde ní 1984, àwọn olùkọ́ ti ní orúkọ tí ó ṣe é gbára lé fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan wà tí àwọn olùtumọ̀ ṣì ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣe: ìrànlọ́wọ́ fún ọkàn ẹni tí a fipá bá lò pọ̀, àti ọtí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa mu lẹ́yìn náà. Ní ẹ̀ka yìí, orúkọ tí kò tọ́ kì í ṣe àṣìṣe inú ìwé nìkan. Ó lè lé ẹni tí ó wá ìtọ́jú padà sílé.

Orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a máa ń gbọ́ pé "wọ́n ti ba ọmọ náà jẹ́". Bí a bá tú gbólóhùn yìí palẹ̀, ẹni tí a ṣe ní ibi ni ó di ẹni tí ó bàjẹ́. Ẹni tí ó ṣe ibi náà sì fara pamọ́ sẹ́yìn arọ́pò-orúkọ "wọ́n". Àwọn mìíràn a ní "ó bá a sùn", èyí tí kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn láàárín ìwà ọ̀daràn àti ohun tí tọkọtaya ń ṣe. "Ìfipábánilòpọ̀" ni ó tọ́. Ó gbé "ipá" síwájú, ó sì lo "ẹni" dípò "obìnrin". Èyí bá òfin mu, nítorí pé òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tí ó de ìwà ipá sí ènìyàn, tí a ṣe ní 2015, gbà pé a lè hu ìwà yìí sí ọkùnrin pẹ̀lú.

Ẹnìkan lè wí pé ọmọlúàbí kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé àdàpè ní ipò tirẹ̀ nínú àṣà. Ṣùgbọ́n Yorùbá náà ni ó sọ pé àdàpè olè ni ń jẹ́ ọmọ ń fẹ́wọ́. Oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìkọlù; èyí tí ń dènà oyún kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 5, bí ó bá sì ṣe yá tó ni ó ṣe dára tó. Nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́ "ọkùnrin kan bá mi sùn" lè má mọ̀ pé àkókò ń lọ. Láti 2013 ni Mirabel Centre ti ṣí ní ọgbà ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i kò ní mọ̀ pé òun ni a ṣí irú ibẹ̀ fún.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ni ọgbẹ́ ń kù. Ní 1974, Ann Burgess àti Lynda Holmstrom, tí wọ́n ṣe ìwádìí ní ilé-ìwòsàn kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe ohun tí wọ́n rí lára àwọn obìnrin tí a fipá bá lò pọ̀: àìsùn, àlákálá, ìbẹ̀rù àti ìtagìrì. Ní 1980, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi irú ìpọ́njú tí ń tẹ̀lé ìjàǹbá ńlá báyìí sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀. "Ọgbẹ́ ọkàn" ni ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ ń pè é. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí òbí rẹ̀ kú àti ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ já sílẹ̀ náà ní ọgbẹ́ ọkàn. "Ọgbẹ́ ìpayà" yóò sàn jù, nítorí pé ó sọ ohun tí ó dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó tún jìnnà sí "wèrè", ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún ilé-ìwòsàn.

Nípa ọtí, ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ni ó léwu jù: "ọ̀mùtí". Orúkọ ènìyàn ni, kì í ṣe orúkọ ìṣe. Bí a bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ènìyàn, yíyọ rẹ̀ ṣòro. Àwọn kan lára àwọn tí a fipá bá lò pọ̀ ń mutí kí wọ́n lè sùn, tàbí kí ìrántí lè fi wọ́n sílẹ̀. Ọtí ń tètè gbé ènìyàn sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí agbára rẹ̀ bá ti ń kúrò lára lóru, oorun a máa já, ìpayà a sì padà. Ó yẹ kí a ya ọ̀nà mẹ́ta sọ́tọ̀: "àmugbàgbé" fún ọtí tí a ń mu láti sá fún ìrántí; "ìlòkulò ọtí" fún èyí tí ó ti ń ba ìlera jẹ́; "bárakú ọtí" fún èyí tí ènìyàn kò lè fi sílẹ̀ mọ́. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àṣejù. Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, tí ó sì dá a dúró lójijì, lè máa gbọ̀n, gìrì sì lè mú un. Nítorí náà, ìwé ìléwọ́ tí ó kọ "ẹ má mutí mọ́ láti òní" fún gbogbo ènìyàn lè pa ẹlòmíràn lára. Bákan náà, bí nọ́ọ̀sì bá bèèrè pé "ṣé ọ̀mùtí ni yín?", "rárá" ni yóò gbọ́. Bí ó bá bèèrè pé "ǹjẹ́ ẹ máa ń mutí kí ẹ lè sùn?", ọ̀nà ìtọ́jú ti ṣí.

Ó ku orúkọ ìrànlọ́wọ́ fúnra rẹ̀. "Ìgbaninímọ̀ràn" ni ó gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba ni nímọ̀ràn ni ó ń sọ̀rọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, gbígbọ́ ni iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2013 ní kí a fetí sílẹ̀ láìdáni lẹ́jọ́, kí a bèèrè ohun tí ẹni náà nílò, kí a fi hàn pé a gbà á gbọ́, kí a wá ààbò fún un, kí a sì so ó pọ̀ mọ́ àwọn tí yóò ràn án lọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ sí pé a fi agbára mú un tún ìtàn náà sọ. "Mú un mọ́ra", tí ó jẹ́ ìtùnú àtọwọ́dọ́wọ́, ń pàṣẹ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. "Ìdúrótì" ni ó bá iṣẹ́ náà mu: ẹni tí ó dúró ti ni kò pàṣẹ, kò sì lọ. Kí "ìtọ́jú ọkàn" wà fún iṣẹ́ onímọ̀ tí ó lè tẹ̀lé e.

Ní Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, Heidi Resnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fíìmù kúkurú kan tí a fi han àwọn obìnrin kí dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ìfipábánilòpọ̀. Ó ṣàlàyé bí àyẹ̀wò náà yóò ṣe rí, ó sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe kojú ìpayà láìsá tọ ọtí tàbí oògùn olóró. Àbájáde tí a tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé igbó mímu dínkù láàárín àwọn tí ó ti ń mu ún tẹ́lẹ̀. Àǹfààní náà kò kárí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, ní wákàtí àkọ́kọ́, jẹ́ ara ìtọ́jú. Bí a bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Yorùbá, "ọ̀mùtí" àti "ẹni tí a bà jẹ́" kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ní kí a gba àwọn orúkọ wọ̀nyí láìdán wọn wò. Kí àwọn olùtumọ̀ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Kí àwọn olùkọ́ lò wọ́n ní kíláàsì. Kí a sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ti la irú nǹkan bẹ́ẹ̀ já, bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, orúkọ wo ni kò dójú tì wọ́n. Èyí tí wọ́n bá kọ̀, kí a jù ú nù, ìbáà ṣe pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwọn ni ilé tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.