Tẹlifíṣàn fún àgbàlagbà ní Abidjan: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

Bí ọdún bá ń parí lọ, tí àwọn ọmọ bá wálé láti Paris, London tàbí Èkó, díìṣì tuntun wà lára ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń ṣe fún bàbá tàbí ìyá wọn tó ti fẹ̀yìntì ní Abidjan. Wọ́n á pe ẹni tó ń so ó, onítọ̀hún á gun òrùlé, á máa yí awo náà títí àwòrán á fi dúró. Bọ́kẹ́ẹ̀ tó tóbi jù ni ọmọ sábà máa ń yàn, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ṣahun sí òbí òun.

Oṣù kan á lọ, oṣù méjì á lọ. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, ọmọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, owó tó san sílẹ̀ ti tán, ojú tẹlifíṣàn á sì ṣú. Ojú á ti bàbá láti pe ọmọ lórí aago nítorí owó tẹlifíṣàn. Yálà kó yọ ọ́ nínú owó oògùn, tàbí kó jókòó síwájú ẹ̀rọ tí kò sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Fún àgbàlagbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè dé ọjà Adjamé mọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dínkù lọ́dọọdún, tẹlifíṣàn ló ń bá a gbé láti àárọ̀ di alẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìdílé fi ojú ẹni tó máa wò ó yàn án, kì í ṣe ojú ẹni tó fẹ́ ra á.

Ta ni à ń ra á fún?

Oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó dàgbà sí Côte d'Ivoire, àwọn tí wọ́n ń pè ní Anango níbẹ̀. Púpọ̀ wọn wá láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Ọ̀ffà, wọ́n sì sọ Treichville, Adjamé, Koumassi àti Abobo di ilé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní CGRAE tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fún un. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni, tó ń fẹ̀yìntì ní ẹni 60 ọdún, ní CNPS. Àmọ́ ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ta aṣọ tàbí ẹ̀yà ara ọkọ̀ lábẹ́ agboòrùn, ọmọ rẹ̀ ni CNPS tirẹ̀. CNPS ti ṣí ètò fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn báyìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún ẹni tó ti fa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ lọ́wọ́ kí ètò náà tó dé. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 5,000 FCFA lóṣù ni wọ́n ń ta Access, bọ́kẹ́ẹ̀ tó kéré jù ní Canal+ Côte d'Ivoire, tí Évasion tó tẹ̀lé e jẹ́ 10,000. Ẹni tó bá ń san 10,000 lóṣooṣù, 120,000 ló san lọ́dún. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí, SMIG, jẹ́ 75,000 FCFA láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Ìyẹn ni pé owó tẹlifíṣàn ọdún kan ju owó iṣẹ́ oṣù kan àtààbọ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń gba owó tó kéré jù. Ìdílé kan lè ní agbára rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ara wọn ni pé ṣé bàbá ń wo nǹkan tó tó owó yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ gbé áńtẹ́nà wò

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń sáré lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò díìṣì láì wo ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 2019 ni Côte d'Ivoire ti bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣàn dígítà tó ń gba orí áńtẹ́nà lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní TNT, Abidjan ló sì kọ́kọ́ dé. Àwọn ìkànnì RTI wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aládàáni bíi NCI, Life TV, 7info àti A+ Ivoire. Kò sí owó oṣooṣù rárá. Tẹlifíṣàn tuntun tó bá ní DVB-T2 nínú kò tiẹ̀ nílò dikódà, áńtẹ́nà nìkan ti tó. Ti àtijọ́ nílò dikódà TNT, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni èèyàn ń ra ìyẹn.

Ẹni tó wà ní Abidjan ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024 kò lè gbàgbé alẹ́ tí Côte d'Ivoire na Nàìjíríà ní 2-1 ní pápá ìṣeré Ebimpé láti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ló pín sí méjì lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá ń pariwo fún Super Eagles, ọmọ ọmọ ń pariwo fún Les Éléphants. RTI gbé e sáfẹ́fẹ́. Kò sí ẹni tó ní láti sanwó bọ́kẹ́ẹ̀ ńlá kó tó rí i.

Bí ìròyìn Abidjan, eré orí ìtàgé àti bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè bá ti tó bàbá, kí wọ́n dúró síbẹ̀. Ohun tí TNT kò ní ni èdè Yorùbá àti ìròyìn ilé. Bí ìyẹn bá jẹ ẹ́ lógún, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ díìṣì kàn.

Oṣù kan ṣoṣo ni kí ẹ san

Ohun rere kan wà nínú díìṣì ilẹ̀ wa: àsansílẹ̀ ni. Kò rí bíi ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí èèyàn ń tọwọ́ bọ ìwé ọdún kan tàbí méjì, tí báńkì á sì máa yọ owó bóyá ó ń wò ó tàbí kò wò ó. Ní Abidjan, èèyàn lè fi Orange Money, MoMo, Moov tàbí Wave sanwó oṣù kan, kó sì fo oṣù tó bá tẹ̀lé e. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé kì í lo àǹfààní yìí. Wọ́n ń san bọ́kẹ́ẹ̀ ńlá nínú oṣù tí líìgì ti wọ ìsinmi, àti nínú oṣù tí màmá wà ní Èjìgbò fún ayẹyẹ, tí ilé wà ní títì.

Ohun tó mọ́gbọ́n dání ni kí ìdílé bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́kẹ́ẹ̀ tó kéré jù fún oṣù kan. Kí ọmọ tàbí ọmọ ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú wọn máa kọ ohun tí àgbà náà ń wò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó máa ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu pé nínú ìkànnì tó lé ní ọgọ́rùn-ún, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni bàbá ń yí sí.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí wọ́n béèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé wọ́n ra dikódà náà ni, àbí iléeṣẹ́ ló yá wọn? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá san fún oṣù mẹ́ta? Orúkọ ta ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀? Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹni tó wá so díìṣì, wàhálà wà níwájú lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Àwọn kan yàn láti gbé dikódà wá láti Nàìjíríà kí bàbá lè rí fíìmù Yorùbá. Ó yé èèyàn ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Àmọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ta dikódà ni wọ́n fọwọ́ sí pé kó ṣiṣẹ́. Bó bá dákẹ́ ní Koumassi, kò sí ọ́fíìsì kan ní Abidjan tó máa gbọ́ ẹjọ́ wọn. Owó rẹ̀ pẹ̀lú kì í dúró sójú kan: ní oṣù Kẹta ọdún 2025, DStv Compact fò láti ₦15,700 sí ₦19,000 ní Nàìjíríà.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ náà

A kò lè di gbogbo ẹrù lé ìdílé lórí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Canal+ gba àkóso MultiChoice tó ni DStv àti GOtv. Ọ̀gá kan náà ló wà lórí Africa Magic Yoruba àti díìṣì tó kún orí òrùlé Treichville báyìí. Láti ọdún 2019 ló sì ti ra ROK, iléeṣẹ́ fíìmù Nàìjíríà. Kò sí ìdí tí àgbàlagbà Yorùbá ní Abidjan, Cotonou tàbí Lomé fi ní láti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kó tó gbọ́ èdè rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀ tó kéré jù ló yẹ kí ìkànnì Yorùbá wà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó nílò rẹ̀ jù wà.

Bákan náà, StarTimes ti ta sọ́bù ọjọ́ kan àti ti ọ̀sẹ̀ kan rí ní Nàìjíríà. Bí ó bá ṣeé ṣe níbẹ̀, ó ṣeé ṣe ní Côte d'Ivoire fún ẹni tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń ráyè wo bọ́ọ̀lù. HACA, àjọ tó ń ṣe àbójútó ètò orí afẹ́fẹ́, ló yẹ kó rí i pé wọ́n kọ òfin fífo oṣù sílẹ̀ gbangba, ní èdè tí kò nílò lọ́yà.

Àwọn kan á sọ pé oúnjẹ àti oògùn ló ṣe pàtàkì, pé tẹlifíṣàn kì í ṣe nǹkan tó yẹ ká jókòó sọ. Òtítọ́ ni pé oògùn ló ṣíwájú. Ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kí owó tẹlifíṣàn wọ inú owó oògùn. Àwọn mìíràn á sọ pé bọ́kẹ́ẹ̀ ńlá ni iyì òbí. Àmọ́ òbí tí ọmọ san 40,000 fún lẹ́ẹ̀kan, tí ojú tẹlifíṣàn rẹ̀ wá ṣú fún oṣù mẹ́wàá, kò tíì rí iyì kankan. Èyí tí ọmọ ń fi 5,000 ránṣẹ́ sí lóṣooṣù, tó sì ń pè nígbà tó bá fi owó náà ránṣẹ́, rí ohun méjì gbà: àwòrán, àti ohùn ọmọ rẹ̀.