Ẹ yéé sọ pé Adágún Chad ti tán

1/ Ó ti sú mi. Bí fọ́tò Adágún Chad bá ti jáde báyìí, ẹ ó bẹ̀rẹ̀: "Ọlọ́run ló ń bínú sí wọn." "Màlúù ló mu ún gbẹ." "Kí ló kàn wá?"

2/ Lóòótọ́, lọ́dún 1963, adágún yẹn fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1985, omi tójú ń rí níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́.

3/ Kí ló fà á? Odò Chari àti Logone ló ń gbé omi wá fún un, òjò ló sì ń bọ́ àwọn odò yẹn. Láwọn ọdún yẹn, Òkun Àtìláńtíìkì gbóná níhà gúúsù ju bó ṣe yẹ lọ, atẹ́gùn òjò kò wá gòkè tó mọ́. Àwọn èèyàn fa omi sóko o, àmọ́ ọ̀dá ló kọ́kọ́ lù ú bolẹ̀.

4/ Láti nǹkan bí 1990, òjò ti ń padà, omi náà sì ti pọ̀ díẹ̀ sí i, bí kò tiẹ̀ tíì dé ti 1963. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ó ti tán, ṣé ẹ fẹ́ sin apẹja tó ṣì wà láàyè ni?

5/ Kí ló kàn wá? Òkun yẹn náà ló ń rán òjò sórí iṣu wa ní Òmù-Àrán àti Èsìẹ́. Tó bá yíwọ́, kò ní béèrè ẹ̀yà.

6/ NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún. Dátà tẹ́ ẹ fi ń bú ará Borno, ẹ fi kà á. Ẹ gbohùn yín sílẹ̀ ní Ìgbómìnà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá yín lóko.