Ewé Inú Òkun, Ewé Inú Igbó

Ìṣínu Rámádàánì, wòlímọ̀, ìsọmọlórúkọ, àsàlátù: kò sí èyí tí a kì í pín oúnjẹ níbẹ̀. Sáráà ni, ẹ̀san rẹ̀ sì ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n tí a bá jẹun tán, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláásí: ọ̀rá píọ̀-wọ́tà, ọ̀rá mọ́ínmọ́ín, ike takeaway funfun. Òjò kan ṣoṣo ni yóò gbá gbogbo rẹ̀ wọ gọ́tà. Ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè tó wà láàrin òkè, ohun tí a jù sílẹ̀ lókè ni àgbàrá ń gbé lọ bá aládùúgbò wa nísàlẹ̀.

Omi tó dúró sínú ọ̀rá àti ike ni ẹ̀fọn ń yé sí, ẹ̀fọn ló sì ń kó ibà ràn wá. Bí a bá dáná sun ún, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá ti ọmọdé. Èyí tó burú jù ni mọ́ínmọ́ín tí a ń sè nínú ọ̀rá àti ẹ̀kọ gbígbóná tí a ń dà sínú rẹ̀. Bí ooru bá mú ọ̀rá, kẹ́míkà inú rẹ̀ lè wọ inú oúnjẹ.

Ní London, ilé-iṣẹ́ Notpla ń fi ewé inú òkun ṣe ohun tí wọ́n ń rọ nǹkan mímu sí. Níbi eré ìje Marathon ìlú náà lọ́dún 2019, wọ́n fi pín nǹkan mímu fún àwọn sárésáré. Ẹni tó bá fẹ́ lè jẹ ẹ́ tòun ti awọ rẹ̀, èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ yóò jẹrà. Lọ́dún 2022, wọ́n gba ẹ̀bùn Earthshot. Nílé wa níbí, ìjọba Èkó kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn ti fòfin de ike takeaway funfun.

Èkìtì kò ní òkun, ṣùgbọ́n a ní igbó. Ewé eéran ń hù lábẹ́ ìbòòji igi, àwọn ìyá wa sì ti ń fi í pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ kí ọ̀rá tó dé. Bí a bá jù ú nù, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ tàbí kó di ilẹ̀dú.

Àwọn kan á ní ewé ti wọ́n, kò sì yá lò bí ọ̀rá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń já ewé kò ní lọ sóko bí kò bá sí ẹni tó máa rà á. Bí mọ́sáláásí Ìjerò, Aramọkọ àti Ẹ̀fọ̀n bá ń rà á fún ìṣínu, ọjà á padà sọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn á ní ewé dọ̀tí: ẹ fi omi tó mọ́ fọ ojú rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó lò ó.

Ewé kò lè gba omi mímu dúró. Nítorí náà, kí olúkúlùkù mú ife àti abọ́ tirẹ̀ wá, kí mọ́sáláásí pèsè omi tó mọ́ sínú kúlà ńlá tó ní ẹ̀rọ.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ka mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Bí ẹni tó mú un kúrò bá ní ẹ̀san, kí ni ti ẹni tó gbé e síbẹ̀? Kí Ọlọ́hun mú un rọrùn fún wa. Àmín.